Ọwọ́ Rẹ̀ Lórí Hánbúréèkì

Ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, kí ọ̀rọ̀ tó kù lè yé yín. Láti ọjọ́ tí mọ́tò yẹn ti dé ilé wa ní Ìkirè, ìjókòó ẹ̀yìn ni tèmi, ní àárín gan-an, níbi tí orúnkún èèyàn ti máa ń yọ sí àárín ìjókòó méjì tó wà níwájú. Ọkọ mi ló ra mọ́tò, òun ló sì ń wà á. Ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ sí ìjókòó ìyàwó, àbúrò rẹ̀ obìnrin ló gbà á.

"Èébì máa ń gbé mi tí mo bá jókòó lẹ́yìn," ohun tó wí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Èébì kẹ̀! Ẹni tó ti wọ bọ́ọ̀sì láti Ìbàdàn wá sí Ìkirè láìmọye ìgbà, tí wọ́n há a mọ́ àárín àpò gààrí lórí ìjókòó ìgbẹ̀yìn, tí kò bì rí! Mo wo ọkọ mi lójú, bóyá á sọ nǹkan. Ó ní, "Jẹ́ kó jókòó síbẹ̀ jàre, kò sí wàhálà." Mo wọ ẹ̀yìn, mo pa ilẹ̀kùn dé, mo sì pa á dé kíkankíkan.

Ẹ mọ bí nǹkan ṣe rí nílé ọkọ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí wọ́n bí sínú ilé kí ìyàwó tó wọlé, ọkọ ìyàwó náà ni, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́. Pírámárì ni àbúrò ọkọ mi yìí wà nígbà tí wọ́n da omi sí mi lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn. Èmi ni mo ń di irun rẹ̀, èmi ni mò ń fọ yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀. Síbẹ̀, "ọkọ mi" ni mò ń pè é, "ẹ" ni mo sì fi ń bá a sọ̀rọ̀ títí dòní. Òun náà ń pè mí ní "ìyàwó wa". Kò dùn mí rí. Ó tiẹ̀ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé ọmọ tí mò ń nu imú fún ló ń ṣe ọkọ lé mi lórí. Mọ́tò yìí ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Níbi iṣẹ́ ọkọ mi, wọ́n gbé e lọ sí Àbújá. Á máa wálé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n mọ́tò ò ní bá a lọ. Ìyá rẹ̀ wà ní Àpòmù, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa gbé wọn lọ gba ìtọ́jú. Èmi náà, Àpòmù ni mo ti ń ṣe tíṣà, ọ̀kadà ni mò ń gùn lọ, òun ni mò ń gùn bọ̀, nínú eruku ẹ̀ẹ̀rùn àti ẹrẹ̀ òjò. Àbúrò rẹ̀ ń ta ìpara àti àtíkè, òun náà ń ná ọjà káàkiri títí dé Gbọ̀ngán. Ọkọ mi wá pe àwa méjèèjì jókòó. Ó ní, "Ẹni tó bá kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n wà, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń páàkì rẹ̀ bó ṣe yẹ, òun ni màá fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún kí n tó lọ."

Gbogbo àdúgbò rò pé tìtorí kọ́kọ́rọ́ yẹn ni mo ṣe ń jowú. Mi ò ní purọ́, mo fẹ́ kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n ohùn tí ọkọ mi fi ń kọ́ àbúrò rẹ̀ ní mọ́tò, ohùn yẹn gan-an ló ń jẹ mí nínú. Mo fẹ́ kó fi bá èmi náà sọ̀rọ̀.

Nítorí ó ti kọ́ mi rí. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra wa, ó yá mọ́tò ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, mánúà, ó gbé mi lọ sí pápá ilé-ìwé kan ní ẹ̀yìn ìlú. Yéè! Ariwo tó pa mọ́ mi lọ́jọ́ náà! "Tẹ kílọ́ọ̀ṣì! Kílọ́ọ̀ṣì ni mo wí! Ṣé etí ẹ di ni?" Mọ́tò ń fò, èmi náà ń fò nínú rẹ̀. Ó ní ṣé orí mi pé ṣá. Mo ṣílẹ̀kùn, mo sọ̀kalẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ rìn délé. Ó ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn pẹ̀lú mọ́tò, ó ń bẹ̀ mí, mi ò dá a lóhùn. Ọwọ́ tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan ni mo ti padà kọ́ mánúà. Mo wá gba kámú pé bí ọkùnrin ṣe rí nìyẹn, pé kò sí èyí tó lè fi sùúrù kọ́ ìyàwó rẹ̀ ní mọ́tò.

Àfi ìgbà tí mo wá jókòó sẹ́yìn tí mo gbọ́ ọ: "Rọra, àbúrò mi. Kò séwu. Tún un ṣe. Ẹ̀ẹ́n-ẹ̀n, bẹ́ẹ̀ náà ni." Ẹ̀yin èèyàn mi, ara mi gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀. Ṣé ẹnu kan náà nìyí? Ohùn yẹn rọ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Láti ìgbà tí mo ti wà nílé rẹ̀, kò fi irú rẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ rí, àfi bóyá lọ́jọ́ tí mo bí àkọ́bí wa, tí mo sùn sílẹ̀ tí mi ò lè gbé orí. Ó tún ra tìmùtìmù fún un kó fi jókòó, kó lè máa rí iwájú dáadáa. Bẹ́ẹ̀, èmi ni mo kúrú jù nínú àwa méjèèjì!

Mo sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ mi kan níbi tó ti ń dín dòdò létí títì. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi gbàgbé èyí tó wà nínú epo. "Àbúrò rẹ̀ ni, ìwọ obìnrin yìí! Ṣé ó tún ku ẹni tí o máa jowú sí?" Mo pòṣé. Ká ní obìnrin ìta ni, ṣebí mo mọ ibi tí màá bá a jà dé, gbogbo ilé á sì bá mi dá sí i. Èyí ńkọ́? Ta ni màá fẹjọ́ sùn pé ọkọ mi ń bá ọmọ ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́?

Ọ̀tọ́máátíìkì ni mọ́tò wa yìí, kò ní kílọ́ọ̀ṣì, ibi páàkì ni wọ́n sì máa ń pẹ́ sí jù. Iwájú ilé wa da gẹ̀rẹ́, ọkọ mi sì sọ pé ibi tó bá da gẹ̀rẹ́ gan-an ni èèyàn ti ń mọ ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń páàkì mọ́tò. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, kì í ṣe pé ó ń bá mi sọ ọ́: "Tẹ búréèkì mọ́lẹ̀, má gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ó yá, gbé gíà sí N, kí gíà má di mọ́tò mú mọ́. Fa hánbúréèkì sókè, fà á dáadáa. Wá rọra yọ ẹsẹ̀ lórí búréèkì, jẹ́ kí mọ́tò fìdí lé hánbúréèkì. Ṣé o rí i pé kò lọ mọ́? Tún tẹ búréèkì. Ìsinsìnyí lo wá ń gbé e sí P. Lẹ́yìn náà lo ń pa ẹ́ńjìnnì."

Àbúrò rẹ̀ ní, "Ṣé P nìkan ò tó ni, Bọ̀ọ̀dá mi?"

"Irin kékeré kan ló wà nínú gíà tó ń di P mú. Tó o bá páàkì síbi tó da gẹ̀rẹ́ láìfa hánbúréèkì, gbogbo ìwúwo mọ́tò á lọ gbé ara lé irin kékeré yẹn. Tó o bá fẹ́ lọ, P ò ní fẹ́ yọ. Wàá máa fà á tipátipá, títí irin náà á fi jẹ. Hánbúréèkì ni kó gbé ẹrù, P kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni."

Ó wá gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ àbúrò rẹ̀ lórí hánbúréèkì, àwọn méjèèjì sì jọ fà á. Krrr. Hánbúréèkì yẹn, àárín ìjókòó méjì ló wà, iwájú orúnkún mi gan-an. Lójú mi kòrókòró ni wọ́n ti ń ṣe é. Bọ́mọ bá fà á tí kò gbé e dé òkè, á ní, "Ó kù díẹ̀," á tún gbé ọwọ́ lé e. Èmi ń wo ọwọ́ méjì yẹn títí ojú fi ń ta mí. Owú lásán ni mo fi ń wò ó, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wò ó, gbogbo rẹ̀ ń wọ̀ mí lórí. Tí wọ́n bá jí mi lójú oorun, mo lè kà á látorí búréèkì dórí P.

Mo tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní kíláàsì mi, tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé. Màá jókòó sórí bẹ́ńṣì, màá fi rúlà gígùn tí mo fi ń fa ìlà lójú pátákó ṣe hánbúréèkì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́lẹ̀, N, krrr, rọra yọ ẹsẹ̀. Ọ̀gá wa wọlé bá mi lọ́jọ́ kan. Wọ́n bi mí pé kí ni mò ń ṣe. Mo ní ẹ̀yìn ló ń dùn mí.

Ó kọ́ èmi náà o, kí n má purọ́ mọ́ ọkọ ọlọ́kọ. Nígbà tó bá kàn mí, á jókòó síwájú, á mú fóònù rẹ̀ jáde. "Ìwọ ti mọ mánúà tẹ́lẹ̀, èyí ò lè ṣòro fún ẹ. Jẹ́ ká lọ." Tí mo bá dé iwájú ilé, màá mọ̀ọ́mọ̀ fi ọwọ́ sórí hánbúréèkì láì fà á, màá máa wò ó. Á ní, "Kí lò ń dúró dè? Fà á!" Kò gbójú sókè. Mo fà á, mo wọlé, mo lọ da omi sí ìkòkò, inú mi sì ń hó ju omi lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Àpòmù. Ilé ìyá ọkọ mi wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ju tiwa lọ dáadáa. Orí òkè ni fàráńdà wà, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni igi máńgòrò tí ìyá máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀. Òkúta kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fàráńdà, ó dúdú, ó ń dán. Òkúta Bàbá ni wọ́n ń pè é. Bàbá ọkọ mi tó ti kú, mọ́tò akẹ́rù ni wọ́n fi ń kó kòkó láyé wọn. Wọ́n ní hánbúréèkì gán mọ́ wọn lọ́wọ́ nínú òjò lẹ́ẹ̀kan, ní ọ̀nà Gbọ̀ngán, tí táyà fi ń rú èéfín. Láti ọjọ́ náà, Bàbá ò fà á mọ́ títí wọ́n fi kú. Wọ́n á ti gíà bọ̀ ọ́, wọ́n á fi òkúta há ẹ̀yìn táyà, ó parí. Nínú ilé yẹn, fífa hánbúréèkì ti wá di ohun tí wọn kì í ṣe.

Bí a bá ti yà sí iwájú ilé báyìí, ẹ ó gbọ́ ohùn ìyá lábẹ́ máńgòrò: "Ẹ má fa nǹkan yẹn o! Ó máa ń gán! Ìyàwó, gbé òkúta Bàbá wá!" Ọkọ mi tó jẹ́ olùkọ́ ní Ìkirè, tó bá ti dé Àpòmù, ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Á ní kí àbúrò òun fi sí P, kó fi hánbúréèkì sílẹ̀ kí inú Màámi má bàjẹ́. Ta ló sì ń gbé òkúta? Ìyàwó ilé ni. Èmi tíṣà, pẹ̀lú bàtà gogoro lẹ́sẹ̀, màá bẹ̀rẹ̀, màá gbé òkúta sẹ́yìn táyà. Ọkọ mi kékeré á wà nínú mọ́tò, á máa wo ètè rẹ̀ nínú díńgí. Tí a bá ń lọ, èmi náà ni màá gbé e kúrò.

Ọjọ́ Àìkú kan ni ọ̀rọ̀ náà yọrí. Ọjọ́ kejì ni ọkọ mi ń lọ sí Àbújá, a sì lọ kí ìyá pé ó dìgbà. Àbúrò rẹ̀ ló wà wá láti Ìkirè. Ó wà á dáadáa, ó dùn mí pé ó wà á dáadáa. Ojú ọ̀nà ni ọkọ mi ti sọ pé, "Ó dà bíi pé mo ti mọ ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ o." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mo yíjú sí fèrèsé, mò ń wo oko ẹ̀gẹ́ tí ń kọjá lọ. Nígbà tí a dé, ó kọ imú mọ́tò sí òkè, ó fi sí P, mo gbé òkúta. Mo rí i pé mọ́tò gbọ̀n, ó fà sẹ́yìn díẹ̀, kó tó fìdí lé òkúta.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, ọkọ mi sọ̀kalẹ̀ lọ sábẹ́ máńgòrò, níbi tí ìyá ti ń bó ẹ̀gúsí sínú àtẹ, kí wọ́n ṣàdúrà fún un. Ó ní kí àbúrò òun máa yí mọ́tò padà. Mo dúró ti òkúta, mi ò gbé e. Mo gbóhùn sókè kí wọ́n lè gbọ́ nísàlẹ̀. Mo pe ọkọ mi, mo ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kí ọkọ mi kékeré kọ́kọ́ fa hánbúréèkì kí n tó gbé òkúta yìí. Orí P ni gbogbo mọ́tò gbé ara lé."

Àbúrò rẹ̀ yọ orí lójú fèrèsé. "Ìyàwó wa, ṣé ẹ̀yin náà ti ń kọ́ mi ni?"

Ìyá dáhùn láti ìsàlẹ̀, "Fi ọkọ rẹ sílẹ̀ kó wa mọ́tò rẹ̀, jàre! Owú yìí náà ti ń pọ̀ jù. Gbé òkúta!"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dùn mí ju ọ̀rọ̀ ìyá lọ. Òun tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ irin kékeré yẹn! Òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ̀ mí mọ́ owú débi pé òótọ́ ẹnu mi gan-an, owú ni wọ́n ń gbọ́. Mo fi gbogbo agbára yọ òkúta, ó ti há, mo sì gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ fàráńdà. Mo wọ ẹ̀yìn, sí ipò mi.

Àbúrò ọkọ mi tẹ búréèkì, ó sítáàtì mọ́tò, ó fa gíà. Kò yọ. Ó tún fà á. P ti gán. "Kí ló ń ṣe nǹkan yìí?" Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó fà á tagbáratagbára. Gbàgà! Ó yọ lójijì, ó lọ dúró sí N, ìró yẹn sì dẹ́rù bà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ fò kúrò lórí búréèkì. Mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sẹ́yìn.

"Búréèkì! Ọkọ mi, búréèkì!" Ó tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ lóòótọ́, ẹ́ńjìnnì sì ké hùùù, torí tọ́rótù ló tẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ìyá di ojú, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí. Kò sí èyí tó ń wò wá nínú wọn.

Mi ò rántí pé mo ronú. Mo nawọ́ sí àárín ìjókòó méjì yẹn, mo di hánbúréèkì mú, mo fi gbogbo ara fà á. Krrr! Táyà wọ́ ilẹ̀, mọ́tò mì, ó dúró. Nígbà tí eruku lọ, mo rí i pé àtẹ ẹ̀gúsí ti wà lábẹ́ táyà, ó ti fọ́ pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́. Ẹsẹ̀ ọkọ mi ò jìnnà sí i rárá.

"Subhanallah! Subhanallah!" ni ìyá ń pè. Ọkọ mi fò dìde. Ó sáré wá, ó sì ṣí ilẹ̀kùn iwájú. Àbúrò rẹ̀ ń sunkún. Ọkọ mi gbá a mọ́ra. "Pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ó ti tán. Kò séwu mọ́." Ohùn yẹn náà ni. Mo wà lẹ́yìn wọn, ọwọ́ mi ṣì wà lórí hánbúréèkì, ìka mi ò fẹ́ tú. Mò ń retí kó yíjú.

Ìyá ló kọ́kọ́ béèrè. Wọ́n ti tiro dé ẹ̀gbẹ́ mọ́tò. "Ta ló dá a dúró?"

"Ìyàwó wa ni," àbúrò rẹ̀ dáhùn nínú ẹkún. Kí n má jẹ gbèsè rẹ̀, kò pẹ́ kó tó sọ ọ́. Ìyá fi ọwọ́ bà mí lójú láti ojú fèrèsé. Wọ́n kàn wo òkúta Bàbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fàráńdà, wọ́n sì mi orí.

Ọkọ mi wá wò mí nígbà yẹn. "Ta ló kọ́ ẹ kó o máa ti ẹ̀yìn fa hánbúréèkì?"

"Ẹ̀yin ni," mo ní. "Nígbà tí ẹ̀ ń kọ́ ọ."

Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lójú ihò rẹ̀, ó sì nà án sí mi lójú gbogbo wọn. "Ìwọ lo ni ín. Máa wà wá lọ sílé." Àbúrò rẹ̀ bọ́ sí ẹ̀yìn fúnra rẹ̀, kò sọ̀rọ̀ èébì. Ọkọ mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Báyìí ni mo ṣe wa mọ́tò láti Àpòmù dé Ìkirè, inú mi sì ń dùn débi pé mò ń kí àwọn tí mi ò mọ̀ rí lójú títì.

A dé iwájú ilé. Mo tẹ búréèkì mọ́lẹ̀, mo gbé gíà sí N. Mo wá gbé ọwọ́ mi lé hánbúréèkì, mo dúró. Mo wò ó, mo ní, "Dádì, báwo ni wọ́n ṣe ń fà á? Ẹ kọ́ mi."

Ó wo ojú mi, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ? Ìwọ tó o mọ̀ ọ́n ju èmi gan-an lọ? Kí ló tún kù tí màá kọ́ ẹ?" Ó ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ sílẹ̀, ó lọ ṣí ti ẹ̀yìn fún àbúrò rẹ̀. "Rọra sọ̀kalẹ̀," mo gbọ́ tó wí fún un. "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́."

Àwọn méjèèjì wọlé. Ọwọ́ mi ṣì wà lórí hánbúréèkì. Mo fi í síbẹ̀ díẹ̀ sí i. Nígbà tó yá, mo fà á fúnra mi, mo yọ ẹsẹ̀, mọ́tò fìdí lé e, kò lọ síbì kan. Mo tún tẹ búréèkì, mo gbé e sí P, mo sì pa á.